Orí Ìwé Tí Bọ̀sún Kì Í Kà

"Má sọ ọ́! Ràhmát, mo ní má sọ ọ́!"

Bọ̀sún káfíńtà fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ìṣó ṣì há sí i lẹ́nu. Ọkọ̀ ojú omi tó ń tún ṣe dojú dé síwájú rẹ̀ bí ìjàpá tó sùn. Ràhmát jókòó sórí pákó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì gbá ìwé ìtàn ọ̀daràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán mọ́ àyà.

"Bùọ̀dá Bọ̀sún, ìyàwó dókítà náà ni! Láti ìgbà tó ti ní òun ò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà ni mo ti mọ̀ pé òun ni."

"Ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ ò ní géètì."

"Àbí ẹ̀yin náà kọ́? Ẹ máa ka ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀, tó bá ku orí kan ṣoṣo, ẹ ó pa á dé. Ta ló ń lá ọbẹ̀ tó ń fi ẹran sílẹ̀?"

Bọ̀sún yọ ìṣó lẹ́nu. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá kan ọ̀rọ̀ ìwé, ohùn rẹ̀ máa ń là. "Kí wọ́n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ènìyàn ni gbogbo wọn lójú mi. Ẹni tó ń pariwo, ẹni tó ń sunkún, ẹni tí kò fọhùn. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹnì kan báyìí, ó parí. Kò sẹ́ni tó tún máa rántí pé ó ní ìyá."

Ràhmát yọ ṣùtì sí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì gbà pé òun gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìletò kékeré kan létí ọ̀sà, lẹ́yìn Lakowe, ni wọ́n ń gbé. Nígbà náà, igi àgbọn ṣì pọ̀ níbẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, èéfín ẹja tí àwọn ìyá ń yan á máa rọra tàn sójú omi, òórùn rẹ̀ á sì bá ènìyàn dé orí ibùsùn. Ẹni tó bá ti gbọ́ òórùn yẹn lọ́mọdé, kò sí ìlú tó lè rìn dé tí kò ní máa wá a kiri. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akóyanrìn ti ń wá lójoojúmọ́, ọgbà ẹ́sítéètì sì ti ń sún mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Inú ẹ́sítéètì yìí ni Bọ̀sún ti máa ń lọ tún ilẹ̀kùn ṣe. Bí àwọn olówó bá ń kó kúrò nílé, wọ́n á da ìwé síta pẹ̀lú pàǹtírí, Bọ̀sún á sì ṣà wọ́n wálé. Ìtàn ìpànìyàn àti ìtàn olè ló pọ̀ jù nínú wọn. Òun àti Ràhmát nìkan ló ń kà wọ́n.

Bí Ràhmát ṣe ń ka ìwé bẹ́ẹ̀, àfi kéèyàn rí i. Ọwọ́ rẹ̀ á tutù, á gbàgbé oúnjẹ lórí iná, Ìyá Àgbà tó ń tọ́ ọ á pè é títí kó tó dáhùn. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ inú ìtàn ló ń fà á. Bàbá rẹ̀ ló gbé ọkọ̀ jáde lọ pẹja ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ padà, bàbá kò padà, kò sì sí ẹni tó lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú ìwé, kò sí òkú tí a kì í sọ ìdí rẹ̀. Ní orí tó kẹ́yìn, ẹnì kan á dìde láàárín yàrá, á nàka, gbogbo ọ̀rọ̀ á sì yé ayé. Ìnàka yẹn ni oúnjẹ ọkàn Ràhmát. Ó ti ka ìwé dé ibi pé ó mọ ọ̀daràn kí ìtàn tó dé ìdajì. Ó ní ẹni tó bá dákẹ́ jù ni, lọ́pọ̀ ìgbà.

Lọ́jọ́ kan, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Bàbá Sànúsí apẹja pòórá létí omi. Ẹ́ńjìnnì yẹn ni ilé Bàbá Sànúsí fi ń jẹun. Baálẹ̀ kò pe ọlọ́pàá. Ó ní kí wọ́n kéde ìdijú.

Àṣà ìletò náà nìyẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bí nǹkan bá sọnù, títí di ọjọ́ Jímọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọjú sí àtíbàbà àtijọ́ etí omi lẹ́yìn ìrun Alásárì. Àwọn ìyá á tètè kó ẹja wọn wọlé, wọ́n á sì ti fèrèsé tó kọjú sí omi. Ẹni tó mú nǹkan náà ní àyè láti gbé e padà síbẹ̀. Ohun tó bá padà, ó padà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè ẹni tó gbé e wá, a kì í sì í dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Nílé ìwé lọ́jọ́ kejì, Àníọlá ọ̀rẹ́ Ràhmát, tó ń ti Ajah wá, bú sẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. "Ẹ dijú kẹ̀? Kí olè lè sá lọ dáadáa? Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ìwọ tó o fi ìwé mú gbogbo ọ̀daràn òyìnbó, lọ mú ti ilé yín ká rí i. Àbí olè orí pépà nìkan lagbára ẹ mọ?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Habeeb, ọmọ Bàbá Sànúsí fúnra rẹ̀, nìkan ni kò rín. "Ràhmát, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ jàre," ló wí. "Ìdijú la wà." Ó ń jẹ èékánná rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ràhmát tó rí kọ́kọ́rọ́ ìyàwó dókítà nínú ìwé kò wo èékánná yẹn rárá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun ń lọ kí ẹnì kan, ó sì lọ lúgọ sẹ́yìn igi àgbọn. Etí omi pa lọ́lọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó rí ìletò rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo fèrèsé ní títì, ó sì dà bí ìgbà tí gbogbo ará ilé bá kú. Ọkàn rẹ̀ ń lù kì-kì-kì bó ṣe máa ń lù tó bá ku ojú ewé díẹ̀.

Ó rí ẹnì kan tó ń bọ̀. Ó gbé nǹkan wúwo tí wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé sí èjìká. Bó ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọ̀rá ṣí, irin ẹ́ńjìnnì yọ. Bọ̀sún káfíńtà ni.

Inú Ràhmát kọ́kọ́ bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ o, inú rẹ̀ dùn. Ẹni tó dákẹ́ jù! Ó mọ̀ ọ́n! Ó gbé fóònù, ó ya fọ́tò. Ó fi ránṣẹ́ sí Àníọlá, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Olè ẹ́ńjìnnì rèé. Mo bá a níbẹ̀.*

"Gbé e sí gúrúùpù Wọ́sáàpù àwọn ọ̀dọ́ Lakowe kíá," ni Àníọlá dá a lóhùn. "Ìwọ ni ọ̀gá!"

Ọwọ́ Ràhmát dúró díẹ̀. Ó rántí ìdijú. Ó tún rántí ẹ̀rín kíláàsì. Ó tẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó wà nínú gúrúùpù yẹn kì í ṣe ọmọ ìletò nìkan. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé wà níbẹ̀, àwọn sikiọ́rítì wà níbẹ̀, èrò tí kò mọ ìdijú sí nǹkan kan. Ní àárọ̀, kí Baálẹ̀ tó wọ bàtà jáde, wọ́n ti ya wọ ọgbà Bọ̀sún. Wọ́n fọ́ pákó, wọ́n sọ ayùn rẹ̀ sómi, wọ́n lù ú títí ojú rẹ̀ kan fi dí.

"Ta lo fẹ́ tà á fún? Sọ̀rọ̀!"

Bọ̀sún kò sọ̀rọ̀. Ràhmát dúró lẹ́yìn èrò. Nínú gbogbo ìwé tó kà, wọ́n á nàka, ìwé á sì parí. Kò sí èyí tó sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe sí ẹni tí wọ́n nà án sí. Bọ̀sún fi ojú tó kù wò ó lẹ́ẹ̀kan. Kò bú u. Ó kàn wò ó, ó sì tún wo ilẹ̀.

Baálẹ̀ àti Bàbá Sànúsí dé, wọ́n lé èrò náà lọ. Ṣùgbọ́n fọ́tò ti dé ẹ́sítéètì, àwọn ará ibẹ̀ ní káfíńtà náà kò gbọdọ̀ dé géètì wọn mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ilẹ̀kùn Bọ̀sún wà ní ṣíṣí, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Ẹ̀yìn mọ́sálásí ni Habeeb ti bá Ràhmát lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

"Èmi ni," ló wí.

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo gbé ẹ́ńjìnnì Bàbá mi. Mo fẹ́ tà á kí n fi ra fóònù bíi ti àwọn ọmọ ẹ́sítéètì. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé e pamọ́ sínú igbó, Bùọ̀dá Bọ̀sún sì bá mi níbẹ̀. Wọ́n ní tí Bàbá bá mọ̀, Bàbá á lé mi jáde nílé. Wọ́n ní kí n lọ sílé, pé àwọn á bá mi gbé e padà, ṣebí ìdijú la wà. Ràhmát, èrò ń lu Bùọ̀dá Bọ̀sún, síbẹ̀ wọn ò dárúkọ mi. Èmi náà wà níbẹ̀, n kò lè lanu."

Ràhmát jókòó sílẹ̀ nínú yanrìn.

Àwọn méjèèjì lọ bá Baálẹ̀, wọ́n jẹ́wọ́. Ràhmát kọ òtítọ́ sínú gúrúùpù kan náà. Ènìyàn díẹ̀ ló kà á, kò sì sí ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Lóòótọ́, òtítọ́ bá a. Ṣùgbọ́n ilé òfìfo ni òtítọ́ bá. Àwọn kan ní wọ́n rí Bọ̀sún lọ́nà Ẹ̀pẹ́, àwọn kan ní ó ń ru sìmẹ́ńtì ní apá Free Zone, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́. Ìyá Àgbà mú Ràhmát lọ síbẹ̀, wọ́n béèrè títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

"Ìyá Àgbà, ṣé Bùọ̀dá Bọ̀sún á padà?"

"Ẹyin tó fọ́, ọmọ mi, a kì í kó o padà sínú èèpo."

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọ̀n ẹnì kan sọnù. Baálẹ̀ tún kéde ìdijú, àwọn ìyá tún ti fèrèsé. Ọjọ́ Jímọ̀ dé, wọ́n wo inú àtíbàbà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ta ló máa gbé nǹkan padà, nígbà tí kò dá a lójú mọ́ pé ojú kan kò sí lẹ́yìn igi? Látìgbà náà ni ìdijú ti parí ní ìletò wọn.

Ìwé kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ Ràhmát, èyí tí Bọ̀sún yá a gbẹ̀yìn. Ó kà á díẹ̀díẹ̀, láìsí ìdùnnú. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló ń ṣe é láàánú: akọrin tó ń purọ́, àbúrò tó dákẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń sá fún ọlọ́pàá. Nígbà tó ku orí kan, ó mọ ẹni tó ṣe é, tàbí ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Ó pa ìwé náà dé, ó fi aṣọ wé e, ó sì gbé e sábẹ́ àpótí, kó lè wà níbẹ̀ fún oní-nǹkan bó bá padà. Kò tíì padà.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ohun tí Ràhmát kọ́ kò pọ̀. Ohun tí ojú rí kì í ṣe gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó rọrùn láti na ìka sí ènìyàn, ó sì rọrùn láti tẹ fóònù; ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá ti bàjẹ́ láàárín ọjà, inú yàrá la ti ń tọrọ àforíjì rẹ̀, ọjà kì í gbọ́.