Ẹ̀ṣọ́ Tó Sọnù

Aṣọ iṣẹ́ funfun méjìlá ló wà léjìká ọkùnrin náà nígbà tó wọ yàrá àyẹ̀wò. Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi omi ti òkèlè kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ti ọkọ̀ tó kú sójú títì.

Télọ̀ ni. Obìnrin tó ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú ìgò níbẹ̀ ló ránṣẹ́ pè é, torí apá aṣọ iṣẹ́ tó rán fún un ń kan ẹnu ìgò.

"Ta ló wọn apá yìí?"

"Èmi ni. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ yín kúrú tó báyìí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi yẹn ló ń wò. "Láti ìgbà wo lẹ ti ń fi omi ti oúnjẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, apá aṣọ lẹ pè mí fún."

Lọ́sẹ̀ kejì, télọ̀ padà wá láìmú aṣọ kankan dání. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, wọn ò lè ṣe kí wọ́n má rí ara wọn. Oṣù náà ni dókítà sọ pé jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ló ń ṣe télọ̀.

Ìyá obìnrin náà sọ̀rọ̀ láìfepo bọyọ̀. "Télọ̀ tí kò lè gbé omi mì? Opó lo fẹ́ dà."

Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó jẹjẹrẹ inú ọ̀fun rẹ̀ wá sí yàrá àyẹ̀wò. Télọ̀ ní òun ò fẹ́ kí ẹlòmíì yàtọ̀ sí olólùfẹ́ òun fọwọ́ kàn án.

"Sẹ́ẹ̀lì ní ẹ̀ṣọ́ tó ń sọ fún un pé ó tó, má pọ̀ mọ́," ni olólùfẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé. "Sẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ti sọnù nìkan ni oògùn tuntun tí a ń dán wò yìí ń pa."

"Ká máa gbàdúrà pé kí tèmi ti sọnù nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àdúrà burúkú." Wọ́n jọ gbà á náà.

Lọ́jọ́ kẹfà tí obìnrin náà ti ta oògùn sí sẹ́ẹ̀lì télọ̀ nínú ìgò, ó wò ó. Ó lé ní ìdajì tó ti kú. Ìyókù lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò, wọ́n ń pọ̀ sí i. Ẹ̀ṣọ́ tiwọn ò sọnù; nǹkan mìíràn ló bà wọ́n jẹ́.

Ó lọ bá télọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Má fọ̀rọ̀ dídùn bò ó," ni télọ̀ wí.

"Oògùn náà á fún wa ní àkókò díẹ̀. Kò ní wò ọ́ sàn."

Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Àkókò yẹn, ṣé wàá bá mi lò ó?"

"Kí lo rò pé mo wá ṣe?"

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù, torí Ọjọ́rú ni ọjọ́ oògùn, Ọjọ́ Ẹtì sì ni sẹ́ẹ̀lì inú ìgò ń jẹun lọ́wọ́ ìyàwó. Wọ́n ń tọwọ́ bọ̀wé lọ́wọ́ nígbà tí ìyá ìyàwó wọlé, ó gbé fúláàsì dání. Omi ọbẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti fi asẹ́ sẹ́ ẹ kó lè ṣeé gbé mì.

"Rọra mu ún, ọkọ ọmọ mi."

Ó pẹ́ kí omi ọbẹ̀ náà tó lọ lọ́fun rẹ̀. Ìyá di ife fúláàsì náà mú sí i lẹ́nu títí omi ọbẹ̀ fi lọ.