Kọ́kọ́rọ́ Tí Mo Jù Sódò

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn ilé mi máa ń ṣí fúnra rẹ̀. N kì í ṣe ẹni tó ń gbàgbé àtitilẹ̀kùn o. Àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ni iṣẹ́ mi láti ọdún mẹ́tàlélógún. Màá gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀kùn á ṣí, omi á sì máa kán tó, tó, tó, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga ìyàwó mi. Olùkọ́ ni, agogo mẹ́rin náà ló máa ń ti ilé ẹ̀kọ́ dé nígbà ayé rẹ̀. Ó ti pé ọdún méjì tí a sin ín.

Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ti ṣọ́ọ̀bù dé kí n lè bá a nílé. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gidigidi.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi obìnrin wá kí mi, ó rí omi nílẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ̀ ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ fún gbogbo àdúgbò? Ẹ pààrọ̀ ti ilẹ̀kùn yìí, ẹ jọ̀ọ́."

"Màá ṣe é lọ́la."

Irọ́ ni mo pa. Mo mọ bí ìyàwó mi ṣe ń wọlé. Lọ́dún tí a fẹ́ra, òun ló ní ká lọ so àgádágodo mọ́ irin afárá bíi ti àwọn olólùfẹ́ yòókù, ká sì ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sódò, kí ohunkóhun má lè yà wá. Èmi tí mò ń gé kọ́kọ́rọ́ jẹun, ọwọ́ mi ò gbà á kí n sọ èyí tó dára nù. Mo há a mọ́wọ́, mo ju òmíràn tó wà lápò mi. Ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a délé ni mo rí i pé kọ́kọ́rọ́ ilé wa ni mo jù. Mo gé òmíràn, mo panu mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ ìwé mọ́ afárá: gbogbo àgádágodo ni wọ́n máa gé dànù, torí wọ́n ti wúwo jù fún irin náà. Ṣé kí n máa wò kí wọ́n fi ayùn yà wá ni? Mo mú kọ́kọ́rọ́ tí mo fi pamọ́, mo sáré lọ. Àgádágodo náà ti dípẹtà, síbẹ̀ ó ṣí wẹ́rẹ́. Mo gbọ́ tí nǹkan kan mí kanlẹ̀ nínú omi lábẹ́ mi. Mo ní atẹ́gùn ni. Mo kó àgádágodo sápò, inú mi dùn pé mo ti gbà á là.

Kó tó di agogo mẹ́rin, mo ti jókòó. Mẹ́rin lù. Kọ́kọ́rọ́ ò yí. Nígbà tó di márùn-ún, mo bojú wo àga rẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ láti ẹnu ọ̀nà débẹ̀, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé wa wà lórí àga, ó ti dípẹtà, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ó ti dá a padà fún mi.

Mo tún àgádágodo náà tì, mo ń ṣí i, mo ń tì í títí ọwọ́ mi fi bó. Ẹnikẹ́ni ò wá. Láti ọjọ́ náà, n kì í tilẹ̀kùn mọ́.