Òwú Pupa Lára Ṣokoléètì

Mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré o. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, ilé Verna ṣì wà níbẹ̀, kó lọ kan ilẹ̀kùn.

Ìlú kékeré kan ní Òháyò, ní Amẹ́ríkà, ni. Lọ́jọ́ Hàlówíìn, tí àwọn ọmọdé ń gbé agọ̀ kiri, aago mẹ́fà sí mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń gba ẹ̀bùn súìtì láti ilé dé ilé. Ilé tó bá tan iná iwájú ilé ló ń retí wọn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Verna, ìyá arúgbó kan níbẹ̀, kò fi tan tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Emmett ni, ọmọ Colleen tí ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Verna. Ọmọ ọdún méje. Ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà rárá. Ìyá rẹ̀ a máa tú àpò rẹ̀ wò lórí tábìlì kó tó fẹnu kan nǹkan kan. Lọ́jọ́ Hàlówíìn ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnu ọmọ ń dá tòló, ó jẹ ọ̀kan lójú ọ̀nà. Kò délé láàyè.

Gbogbo àdúgbò ló pín ṣokoléètì ẹlẹ́pà lọ́dún náà. Verna nìkan ló jáde. "Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo fún un." Ẹyọ kan ni, ó fi òwú pupa so ó, bó ṣe máa ń so gbogbo tirẹ̀. Láti ìgbà náà, Colleen kò kí i mọ́. Ìyẹn sì ń pa ìyá arúgbó náà díẹ̀díẹ̀.

Lọ́dún yìí, ó fẹ́ tan iná. Àmọ́ kí ni yóò pín? Súìtì? Rárá o. Bisikíìtì? Ta ló mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn? Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi rò ó. Níkẹyìn ó ra pẹ́ńsù, ó sì kun elégédé kan ní búlúù, ó gbé e síwájú ilé, kí àwọn òbí lè mọ̀ pé kò sí jíjẹ níbẹ̀.

"Pẹ́ńsù kẹ̀?" ni ọmọbìnrin kan tó múra bí àjẹ́ wí. "Ìyá àgbà, ṣé ilé ìwé la wá ni?"

"Gbà á jàre, aláròyé!"

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù, àdúgbò pa lọ́lọ́. Ọmọ kan dúró lórí àtẹ̀gùn. Verna kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Páálí ńlá ló wọ̀, tí wọ́n kùn, tí wọ́n gé ihò sí bí àpótí lẹ́tà. Bàbá Emmett ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é fún un lọ́dún tó kú. Kò ṣe méjì.

Verna na abọ́ sí i. "Mú pẹ́ńsù, ọmọ mi."

Páálí náà mì: rárá. Ọwọ́ kékeré kan yọ láti inú ihò, ó ju nǹkan kan sínú abọ́ rẹ̀. Kí Verna tó gbójú sókè, kò sí ẹnì kankan mọ́.

Ṣokoléètì ẹlẹ́pà ni. Wọn ò tíì tú u.

Colleen sáré dé láìwọ bàtà. "Ta ló wọ páálí yẹn? Mo tì í mọ́nú ilé ẹ̀yìn!" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta nìyẹn.

Verna la àtẹ́lẹwọ́. Colleen fọwọ́ kan òwú pupa náà. Kókó rẹ̀ ṣì le.

"Mà, èyí tí ẹ fún un kọ́ nìyí?"

"Òun ni."

"Kò jẹ ẹ́."

Verna bú sẹ́kún. Colleen di ọwọ́ rẹ̀ mú, òun náà ń sunkún. Ìgbà tó yá, ó yíjú sí àwọn ilé tó kù.

"Ta wá ni?"

Aago mẹ́jọ lù. Ní gbogbo àdúgbò, wọ́n ń pa iná iwájú ilé wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan.