Pákó Méje Tó Di Sípíkà

Sípíkà tuntun méjèèjì náà ń rùn káńfọ̀. Èmi àti Karimot ìyàwó mi kò fi káńfọ̀ sínú yàrá wa rí, nítorí òórùn rẹ̀ a máa fún un ní ẹ̀fọ́rí, síbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gbé wọn wọlé ni òórùn náà ti gba gbogbo ibẹ̀. Mo ní pọ́líìṣì tí káfíńtà fi kùn wọ́n ni. Nígbà náà, kò sí ohun tí mi ò ní àlàyé fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nípa mi.

Yàrá kan péré la ń gbé nílé Alhaja Hùmúàní, lójú ọ̀nà Ìkòsì ní Kétu, lọ́dún 1976. Nígbà tí owó Udójì, àfikún owó oṣù, tẹ̀ wá lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ra alùpùpù. Èmi ra sítẹ́ríò, pẹ̀lú sípíkà méjì tó ga dé àyà mi. Bí mo bá tan wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, gbogbo àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò máa gbọ̀n. Karimot a máa sọ pé ìyàwó méjì ni mo gbé wá bá òun lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọdún mẹ́fà la fi wá ọmọ kí Kúnbi tó dé. Nígbà tó dé, kò síbi tí a máa tẹ́ ẹ sí. Bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti àga méjì ti gba tiwọn, sípíkà ló sì gba ìyókù.

"Bàbá Kúnbi," ni Karimot wí, "nínú èmi, ọmọ, àti àwọn òpó yín yìí, ẹ mú ẹni tó máa jáde."

Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà. Mo ta àwọn sípíkà ńlá náà fún ọkùnrin kan ládùúgbò Anthony, mo ra ojú sípíkà kékeré méjì. Àpótí tí wọn yóò wọ̀ ló kù.

Mo fẹ́ kí àwọn àpótí náà wà lórí pẹpẹ lókè ibi tí ọmọ ń sùn, kí wọ́n má sì gùn ju ẹní rẹ̀ lọ. N kò ní téèpù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan. Mo mú okùn, mo nà án láti orí Kúnbi dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tó sùn sí, mo ta kókó sí i.

"Ẹ má fi okùn wọn ọmọ," ni Karimot pariwo. "Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹní ni mò ń wọ̀n."

"Ṣé ẹní ló ní orí àti ẹsẹ̀?"

Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ki okùn bọ àpò.

Ní ti pákó, mo ti rí i. Méje wà lórí àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n fá wọn dán, wọ́n fi ẹní wé wọn. Mo rò pé èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ń kọ́lé ni. Alhaja Hùmúàní, ìyá onílé wa, ti lọ sí Mẹ́kà, mo sì sọ fún ara mi pé n ó ti ra òmíràn dípò kí wọ́n tó dé. Mo gbé wọn lọ bá Rahmon, ọ̀rẹ́ mi ará Ìsẹ́yìn tó ń ṣe káfíńtà lọ́nà Mile 12.

Rahmon fi ìka pa ojú pákó náà. "Muka, ta ló ni èyí? Pákó tó dán báyìí, wọn ò kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ọn rí."

"Gé e jàre."

Ó mú okùn mi, ó fi sàmì, ó gé e.

Ọjọ́ kẹta tí mo gbé àwọn àpótí náà sórí pẹpẹ ni a kọ́kọ́ gbọ́ ọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsárì tán ni. NEPA ti mú iná lọ láti àárọ̀, nítorí náà ilé dákẹ́. Mo gbọ́ gbì. Lẹ́yìn náà, ṣàà. Gbì, ṣàà. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì da iyẹ̀pẹ̀ sórí pákó, àmọ́ kì í ṣe bí ẹni tó dúró lókè ṣe ń gbọ́ ọ. Ó dún bí ìgbà tí a bá wà lábẹ́ pákó náà.

"Kí nìyẹn?" Karimot béèrè jẹ́jẹ́.

"Sípíkà máa ń fa ohùn rédíò mọ́ra láti òkèèrè."

"Láìsí iná?"

"Láìsí iná," ni mo wí.

Lọ́jọ́ kejì tí a gbọ́ ọ, mo já gbogbo wáyà kúrò lára wọn. Lẹ́yìn àsárì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Gbì, ṣàà. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ikọ́ gbígbẹ tó jọ ti ẹni tí mo mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ lókè iyẹ̀pẹ̀ náà, ó ní, "Rọra, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀."

Karimot yí ojú sí mi. "Ohùn yín ni."

N kò rí àlàyé ṣe. Kúnbi kò sùn. Ó la ojú sílẹ̀ lórí ẹní rẹ̀, ó ń wo àwọn àpótí náà, kò sì sunkún.

Lọ́jọ́ kẹta tí a gbọ́ ọ, ṣọ́bìrì ń dún, ó ń jìnnà sí wa sí i, bí ẹni pé ilẹ̀ ti ń kún. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. A rò pé ó tán. Lójijì ni obìnrin kan fi igbe ta níbi tó jìnnà, igbe tó gùn tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ife ògì bọ́ lọ́wọ́ Karimot.

"Tèmi nìyẹn," ni ó wí. "Bàbá Kúnbi, èmi ni mò ń ké yẹn."

Ẹ̀rù bà mí. Mo gbá àwọn àpótí náà mọ́ra, mo gbé wọn jù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ibẹ̀ ni Alhaja Hùmúàní ti bá wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé. Wọn kò tíì jókòó tí wọ́n fi gbójú sókè wo àjà.

"Mùkáílà, pákó mi dà?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Alhaja gbọ́ òórùn káńfọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan ẹnu ibi tí ayùn ti gé e.

"Pákó sàréè mi ni, èyí tí wọn yóò tò bo òkú mi," ni wọ́n wí, ohùn wọn kò sì ga rárá. "Lọ́dún tí ọkọ mi kú, mo dùbúlẹ̀ lẹ́yìnkùlé yìí, káfíńtà fi okùn wọ̀n mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó gé méje fún mi. Èmi fúnra mi ni mo fi káńfọ̀ pa wọ́n. Kàfàní, aṣọ tí wọ́n máa fi sin mí, ló kù, mo ti mú un bọ̀ báyìí." Wọ́n wò mí. Ó sàn kí wọ́n bú mi. "Kí lo fi wọ̀n ọ́n kí o tó tún un gé?"

Karimot tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó pọn Kúnbi, ló dáhùn.

"Ọmọ mi, Alhaja. Ọmọ mi ló fi wọ̀n ọ́n."

Alhaja yíjú sí mi. "Okùn náà ńkọ́?"

"Rahmon ti dáná sun ún pẹ̀lú ẹ̀rúnrún pákó."

"Lọ pè é wá. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ fún àwọn pákó náà lónìí. Bóyá ilẹ̀ á gba pákó lásán dípò ọmọ."

Kí Rahmon tó tú àwọn àpótí náà tán, tí a sì gbẹ́ ilẹ̀ nídìí igi gúáfà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti kírun àsárì. Karimot wà nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ. Alhaja jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà. A to pákó sínú ihò, a bẹ̀rẹ̀ sí í da iyẹ̀pẹ̀ lé e. Gbì, ṣàà. Eruku wọ Rahmon nímú, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Etí ihò náà yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Rọra," ni mo wí, "ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀."

Mo gbọ́ ara mi. Ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bú sẹ́rìn-ín, mo dì mọ́ Rahmon. "Èyí ni! Èyí la gbọ́! Pákó lásán la ń sin!" Omi ń bọ́ lójú mi. Inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. A jọ kún ihò náà, a fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì tẹ́ ẹ, ibẹ̀ sì dákẹ́.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo rántí pé ohun kan ṣì kù.

Karimot ké láti inú yàrá.

Ibà kò ṣe Kúnbi, kò wúkọ́. Karimot ní òun fún un lọ́yàn, ó sùn, òun kàn fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, ó tutù. Kí oòrùn tó wọ̀, lèmọ́mù ti dé, wọ́n ti kírun sí i lára. Alhaja gé lára kàfàní Mẹ́kà wọn fún un. Nígbà tí wọ́n béèrè ibi tí a máa gbẹ́, Rahmon nawọ́ sí ìdí igi gúáfà. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì rọ̀.

A hú àwọn pákó náà jáde. Rahmon ti mú ayùn dání, bóyá a máa ní láti gé àwọn pákó náà kí wọ́n tó bá a mu. Kò lò ó. Méjì nínú wọn ní ihò róbótó níbi tí ojú sípíkà wà tẹ́lẹ̀. Mo ṣí fìlà mi, mo fi dí ọ̀kan. Rahmon fi tirẹ̀ dí èkejì, kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa dà sí i lójú.