Oògùn Òwú Lórí Ọgbà Òdòdó

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Odomèta kọjá rí yóò mọ ọgbà Philomène. Kì í ṣe ọgbà pèrègún bíi ti àwọn bàbá wa, tí wọ́n ń gún mọ́lẹ̀ kí ará ilé má baà bá ará ilé jà lórí ààlà. Igi òdòdó ni, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní ìkísórà, ó pupa yòò lórí ilẹ̀ pupa. Aránṣọ ni Philomène, bí ẹni ń gé etí aṣọ ló sì ń gé ọgbà náà, gbọọrọ. Ní ọ̀sán, bí wọ́n bá ti tú àwọn ọmọ iléèwé sílẹ̀, wọn a dúró níbẹ̀, wọn a fa òdòdó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a mu omi dídùn tó wà nídìí rẹ̀. Ta ni kò mu ún rí nígbà èwe? Philomène kì í lé wọn.

"Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún oyin o," ni yóò kàn wí.

Lọ́dún yìí, kòkòrò funfun bo ewé ọgbà náà bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i, èèrà sì ń gùn ún lọ gùn ún bọ̀. Lábọ̀dé, àbúrò Philomène tó ń dáko òwú ní Adakplamè, bu oògùn òwú, èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò oko, wá fún un nínú ìgò omi.

"Ìdérí kan péré sí garawa omi kan, ẹ̀gbọ́n mi. Oògùn yìí kì í ṣeré."

Ìdérí mẹ́ta ni Philomène dà sí i. Kòkòrò náà ti sú u. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ó fi ìgbálẹ̀ wọ́n oògùn náà sórí ọgbà títí ewé fi ń kán tótó. Ó fọwọ́, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Aṣọ ìyàwó kan wà tí wọ́n fẹ́ gbà nírọ̀lẹ́. Kò rántí àwọn ọmọ.

Aago kan ọ̀sán kò tíì lù nígbà tí Carine, aládùúgbò rẹ̀ nílé kejì, yọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Philomène, ẹ wá bá mi wo Estelle. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é."

Estelle, ọmọbìnrin Carine tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, wà lórí ẹní. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, kò dá. Òógùn bò ó. Dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ ti sún kì, ó kù bí orí abẹ́rẹ́. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fò, bó bá sì mí, àyà rẹ̀ a máa dún kùn-ùn. Philomène wo ọwọ́ ọmọ náà. Òdòdó pupa ti fọ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ náà. Ọmọ náà tún ti sín òmíràn mọ́ okùn, ó fi kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀.

Philomène mọ̀ pé òdòdó ọgbà òun ni.

Ìyá ọkọ Carine, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ṣàngódélé, ti dé pẹ̀lú igbá epo pupa.

"Ẹ là á lẹ́nu. Epo ni í pa oró. Kó mu ún, kó bì."

"Ìyá, bóyá ibà ni," ni Carine wí.

"Ibà wo ló ń mú ọmọ da itọ́ báyìí? Ẹnìkan ló fi nǹkan sí ọmọ yìí lẹ́nu." Ó wo àwọn tó dúró yíká lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹni náà mọ ara rẹ̀."

Philomène ń rò ó nínú ọkàn. Bí òun bá sọ̀rọ̀, apààyàn ni wọn yóò máa pe òun títí ayé. Bí òun bá dákẹ́, ta ló rí òun lówùúrọ̀?

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ ilé ìwòsàn," ló rí sọ.

Alùpùpù kan gbé Philomène àti Carine. Itan Philomène ni ọmọ náà wà. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń mọ̀ bí iṣan ọmọ náà ṣe ń ta pẹ́pẹ́. Ìyá Ṣàngódélé gun alùpùpù mìíràn tẹ̀lé wọn, ó gbá epo rẹ̀ mọ́ àyà.

Cyriaque, olùtọ́jú aláìsàn tí gbogbo ìlú ń pè ní dókítà, wo ojú Estelle, ó sì yára dìde.

"Kí ló jẹ?"

"Ẹ̀wà," ni Carine dáhùn. "Ẹ̀wà tí gbogbo wa jẹ ni."

"Kì í ṣe ẹ̀wà. Ṣé oògùn oko wà nílé yín? Ẹ má fi pamọ́ fún mi. Kì í ṣe ẹjọ́ ni mo ń dá."

Carine mi orí pé kò sí. Àyà ọmọ náà tún dún kùn-ùn.

"Èmi ni," ni Philomène wí. "Mo wọ́n oògùn òwú sórí ọgbà mi lówùúrọ̀. Òdòdó ibẹ̀ ló fà mu."

Carine yíjú sí i.  

Cyriaque ti wọ ìbọ̀wọ́. Ó bọ́ aṣọ ọmọ náà, ó já okùn òdòdó ọrùn rẹ̀, ó fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó gún un lábẹ́rẹ́. Ìyá Ṣàngódélé tún na igbá.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ gbé e kúrò. Epo kì í pa èyí. Bó bá bì, ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀." Ó kọjú sí Philomène. "Kí lorúkọ oògùn náà?"

"Mi ò mọ̀. Inú ìgò omi ló wà."

"Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Oògùn òwú kì í ṣe ẹyọ kan. Orúkọ rẹ̀ ló máa sọ ohun tí a tún máa ṣe."

Philomène pe Lábọ̀dé lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dárúkọ mi o. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ká má bù ú fún ẹnikẹ́ni."

"Lábọ̀dé, ọmọ ń kú lọ. Ka ohun tó wà lára ike náà."

Lábọ̀dé lọ mú ike náà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lédè Faransé, Cyriaque ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n gbé Estelle lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà; a dúpẹ́ pé kò sí ọmọ mìíràn tó fẹnu kan òdòdó náà. Ọjọ́ kẹta ló tó béèrè oúnjẹ.

Philomène kò sùn fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ padà wálé, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Carine.

"Ẹ dìde," ni Carine wí. "Inú ṣì ń bí mi, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa ẹnu mọ́ ni, ibi ìsìnkú la wà báyìí."

Lọ́jọ́ Sátidé, Cyriaque wá kó àwọn ará àdúgbò jọ. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ, nítorí gbogbo ilé tó ní ọgbà òdòdó ló kàn.

Oògùn òwú, oko òwú ni ibùgbé rẹ̀. Ẹ má wọ́n ọn sórí òdòdó ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ má sì bù ú sínú ìgò tí ènìyàn ń fi mu omi. Bí kòkòrò bá bo ọgbà yín, ẹ gé ẹ̀ka tó ti bàjẹ́ jù, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi, ẹ fi fọ abẹ́ ewé nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì ro ìdí igi kí èèrà má rí ibi sá sí. Ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ó ń gba sùúrù, ṣùgbọ́n kì í pa ọmọ.

Bí ọmọ bá ti fẹnu kan oògùn, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má fún un ní epo, ẹ má fún un ní wàrà, ẹ má fipá mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá, kí ẹ sì mú ike tí orúkọ oògùn wà lára rẹ̀ dání.

Bó bá sì jẹ́ pé ìwọ lo ṣe àṣìṣe náà, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ kò lè dúró de ìgbà tí ojú yóò tì ọ́ tán.