Ẹni Tó Ń Ránṣọ Lọ́jọ́ Ìsinmi

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kí Savilla Raber tó gbé kọfí kaná, ó rí i pé abẹ́rẹ́ òun ti kúrò níbi tí òun fi í sí. Etí ìràwọ̀ búlúù kan ló gún un mọ́ lọ́sàn-án Sátidé, lórí aṣọ ìbora tó nà sórí férémù nínú yàrá iwájú. Ní báyìí, abẹ́rẹ́ náà ti rìn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ìránṣọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, tóótòòtó, kò yẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi ló wà láàárín. Kò sí ọmọ ìjọ Amish kan, àwọn onígbàgbọ́ tó ṣì ń gbé bí ayé àtijọ́, ní gbogbo agbègbè Holmes, ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, tí í fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí bọ́tìnnì bá já lára ṣòkòtò, olúwarẹ̀ á fi okùn dè é di ọjọ́ kejì, á sì rọra máa rìn.

Savilla tẹ̀ síwájú, ó wò ó dáadáa. Láti òsì ni ìránṣọ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ sí ọ̀tún. Nínú gbogbo obìnrin ìjọ wọn, òun nìkan ló ń fọwọ́ òsì ránṣọ.

Ọwọ́ náà ti rí màbo. Kò sí àlùmọ́gàjí tí kì í bá a jà. Bó bá jókòó jẹun lẹ́yìn ìsìn, igunpá rẹ̀ á gbá ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọfí á sì dà sí ẹni ẹlẹ́ni lára. Nílé ìwé, bó bá kọ ọ̀rọ̀ kan tán, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á ti nù ún kó tó gbẹ. Mem, ìyá rẹ̀, a máa fi okùn épúrọ́ọ̀nù so ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́yìn, á sì ní, "Mi ò kórìíra ẹ o. Ìyà ni mi ò fẹ́ kó jẹ ọ́." Ṣùgbọ́n nídìí férémù, ọ̀gá ni ọlọ́wọ́ òsì. Igun tí àwọn tó kù á yí ọrùn títí kí ọwọ́ wọn tó tó o, Savilla á jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́, á rán an tán, inú rẹ̀ á sì dùn ṣìnkìn. Láti oko dé oko ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ pè é.

Aṣọ ìbora yìí gan-an, ti Naoma, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni. Oṣù kọkànlá ni ìgbéyàwó.

Kò tíì bu kọfí tán tí Malinda, ìyàwó Díákónì Roman, fi wọlé láti wá bá a ránṣọ. Àgbàlagbà ni, ojú rẹ̀ sì mú. Ó tẹ̀ba sórí férémù, ó fi ìka tọ ìránṣọ náà.

"Savilla, èyí ò sí níbẹ̀ ní Sátidé. Èmi pẹ̀lú ẹ la jọ dìde níbí."

"Mo mọ̀, Màmá. Èmi kọ́ ni mo rán an."

"Ta wá ni? Ológbò?" Malinda rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ológbò tó ń lo ọwọ́ òsì?"

"Ẹ mọ̀ pé a kì í búra. Ẹ ṣáà gbà mí gbọ́."

"Mi ò ní tíì sọ fún Roman. Àmọ́ bí mo bá tún rí i ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀, ìjọ á gbọ́. Bí ìjọ bá sì gbọ́ tó o ṣorí kunkun, wọ́n á yọ ọ́ lẹ́gbẹ́, tábìlì tìẹ á dá wà lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ ẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Savilla lákínyẹmí ara. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ohun kan ṣoṣo tó ń fojú sọ́nà fún ni kó jókòó ti Naoma lọ́jọ́ náà, kí wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan.

Nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi pé, kò sí ìsìn lọ́sẹ̀ náà, torí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe é. Naoma lọ kí àwọn ará ilé ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Savilla ti ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé itan, ó jókòó ti férémù, ó ń ṣọ́ abẹ́rẹ́ náà.

Aago méjì kọjá. Oòrùn wà lórí ilẹ̀ pákó. Eṣinṣin kan ń gbá ojú fèrèsé, lójijì ó dákẹ́. Savilla wá gbóòórùn oògùn ìpara tí Mem máa ń fi ra ọwọ́ tó ń dùn ún. Mem sì ti wà nínú ilẹ̀ láti oṣù kejì.

Abẹ́rẹ́ náà rì. Ó yọ. Ó tún rì.

Savilla bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ férémù. Ilẹ̀ pákó nìkan ló rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ránṣọ lórí férémù, ọwọ́ kan lókè, ọwọ́ kan nísàlẹ̀ ni, láti máa fi ìka gba ẹnu abẹ́rẹ́. Ó ti mọ́ ọn lára. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wọ abẹ́ aṣọ.

Ó kan ìka. Ó tutù, ó gbẹ, oríkèé kan nínú rẹ̀ sì wọ́. Savilla mọ oríkèé náà. Mem máa ń sọ pé màlúù ló tẹ òun.

Ọwọ́ òsì ni.

Ọwọ́ ọ̀tún ni Mem fi ránṣọ títí tó fi kú, ìránṣọ rẹ̀ sì gùn wọ́gọwọ̀gọ. Níbi tí àwọn obìnrin ti ń ránṣọ pọ̀, bí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin Mem bá ti ṣẹ́ kọ́nà lọ sílé báyìí, Malinda á mú àlùmọ́gàjí, á tú gbogbo ohun tó rán, àwọn obìnrin á sì rẹ́rìn-ín. Mem mọ̀. Bí wọ́n bá tún pè é, á tún wá. Ìránṣọ tó wà níwájú Savilla yìí sì kéré bí ọkà bàbà. Ó wá yé e pé kì í ṣe màlúù. Rúlà tíṣà ló ṣẹ́ oríkèé náà, kí Mem lè fi ọwọ́ òsì sílẹ̀.

"Mem," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́, "ẹ̀yin náà?"

Ìka náà fún tirẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ó rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìyá ṣe ń ti ọmọ kúrò nídìí iṣẹ́, ó sì ń bá ìránṣọ lọ. Ẹ̀rù ba Savilla, àánú sì ṣe é. Ó sunkún títí aago mẹ́rin fi lù.

Lọ́jọ́ kejì, Malinda wá wò ó láàárọ̀; kò pẹ́, òun àti Roman jọ dé. Roman ṣí fìlà.

"Savilla, ta ló rán an?"

Bó bá dárúkọ Mem, wọ́n á ní òkú rẹ̀ kò sinmi. Wọ́n á tún rí ohun tí wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni."

Roman mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Wàá kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, a ó sì dárí jì ọ́. Àmọ́ kọ́kọ́ tú u lójú wa."

Malinda na àlùmọ́gàjí sí i. Savilla wò ó. Ó rántí Naoma, ó rántí àwo kan ṣoṣo náà.

"Màá kúnlẹ̀. Mi ò lè tú u."

"A jẹ́ pé o ò tíì ronú pìwà dà nìyẹn. Ṣé o fẹ́ dá jẹun lọ́jọ́ náà?"

"Mi ò lè tú u, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ kúrò lọ́nà, èmi á tú u," Malinda ní. "Ṣebí iṣẹ́ mi ni."

Ó jókòó, ó ti ọwọ́ òsì bọ abẹ́ aṣọ, ó fi ọ̀tún gé òwú kan. Ó dúró.

"Savilla, fi ọwọ́ mi sílẹ̀."

Ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ni Savilla wà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí épúrọ́ọ̀nù. Roman wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ férémù. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ó funfun, ó ká bí ọwọ́ tí ẹlòmíì dì mú. Àlùmọ́gàjí bọ́ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ rì láti òkè, ó sì ti ìsàlẹ̀ yọ, ó ń rán ibi tí wọ́n gé. Ọwọ́ ọ̀tún Malinda kàn wà lórí aṣọ, kò ṣe nǹkan kan.

"Malinda, dìde!"

"Mi ò lè dìde." Ojú rẹ̀ kò kúrò lára aṣọ. "Roman, ẹni tó dì mí lọ́wọ́ mú ń kà á. Ó ní gbogbo ìránṣọ òun tí mo ti tú láti ogójì ọdún ni mo máa rán padà."

Òwú ojú abẹ́rẹ́ ti ń tán lọ. Savilla lọ mú òmíràn wá.