Ìlà Tavarius Lábẹ́ Igi Píkáànì

Mo jókòó sí ẹ̀yìn ilé, mò ń pa èso píkáànì sínú abọ́, mo sì ń kọrin lọ, nígbà tí Tavarius, ọmọ ọmọ mi, já wọlé bí ẹni tí oyin ń lé.

"Màmá! Màmá Verlene! Wọ́n ti fi ìkarùn-ún kún un!"

"Ìkarùn-ún kí ni? Ṣé o ti fọ abọ́ àárọ̀?"

"Ìràwọ̀, Màmá! Mo ti di oníràwọ̀ márùn-ún!"

Ó na fóònù sí mi lójú. Kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ ṣa òwú, ṣùgbọ́n mo mọ ìràwọ̀ kà. Mo kà á, ó pé. Mo dìde, mo jó yí àga ká títí tí píkáànì fi dànù sílẹ̀.

Ní Pinder Grove wa yìí, ní gúúsù Georgia, bọ́ọ̀lù kì í ṣe ti ẹsẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a mọ́ àyà sáré. Wọ́n á dé akoto, wọ́n á máa kan ara wọn bí àgbò. Àwọn kan wà ní ìlú ńlá tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wo àwọn ọmọ ilé-ìwé girama tó ń gbá a, kí wọ́n sì máa fún wọn ní ìràwọ̀, kí àwọn yunifásítì lè mọ ẹni tí wọ́n máa dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Márùn-ún ló ga jù. Ní ìlú tiwa, ṣáájú Tavarius, a ò tíì rí ẹni tó ní ju méjì lọ.

Kò pẹ́ tí Lemuel fi dé láti òdìkejì títì. Òun àti Tavarius ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọ ìlédìí. Ọmọ náà tóbi bíi fìríìjì. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí pápá ni pé kí ó máa sáré ṣíwájú Tavarius, kí ó máa ti àwọn tó bá fẹ́ dí i lọ́nà ṣubú, kí ọ̀nà lè là. Ìràwọ̀ kankan kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tirẹ̀.

"Oníràwọ̀," ó ní, ó ń tẹríba bí ẹni tó rí ọba, "ṣé a ṣì lè máa bá ọ sọ̀rọ̀, àbí ká máa kọ̀wé ránṣẹ́?"

"Ẹ máa kọ̀wé," ni Tavarius fèsì. "Kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó kọ ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Lemuel sì jẹ gbogbo páì, àkàrà òyìnbó tí mo fi píkáànì ṣe, tó kù nílé mi láìbèèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa píkáànì yìí. Igi rẹ̀ ló yí pápá ilé-ìwé wa ká. Nígbà ìwọ́wé, èso rẹ̀ á máa já sínú koríko, ó le bí òkúta wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ń sáré tó tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ á yí. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ á tò láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Kálukú ló ní ìlà tirẹ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa ṣà á bọ̀ lọ́dọ̀ àwa ìyá àgbà tó dúró létí ọgbà, tí a tẹ́ aṣọ ìdáná wa sílẹ̀ dè wọ́n. Òun la ó fi ṣe páì fún wọn, àwọn àlejò náà á sì jẹ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé wọ́n nà wá. Bí wọ́n ti ń bọ̀ la máa ń kọrin:

Bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi, bẹ̀rẹ̀,
Ṣa tìrẹ, kí n gbé e.
Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ń bọ̀ lẹ́yìn,
Ṣa tìrẹ, kí n gbé e.

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: o ò gbọdọ̀ ṣa ìlà ẹlòmíràn. Bí o bá ṣà á, o ti pè é ní ọ̀lẹ lójú gbogbo ìlú.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé ìràwọ̀ karùn-ún yẹn, àwọn oníkámẹ́rà wá láti yunifásítì ńlá kan. Àwọn ọmọ tò, a sì gbé orin. Gbogbo ẹ̀yìn ló tẹ̀ àfi ẹyọ kan. Tavarius dúró gbagidi lórí ìlà rẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó gbé àgbọ̀n sókè.

Mo pariwo láti etí ọgbà. "Tavarius! Ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń yà mí!"

"Wọ́n ń yà á," ni Arábìnrin Ozella tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wí. "Verlene, ọmọ rẹ ti di ère. Kí ẹyẹ má ṣáà bà lé e lórí."

Lemuel ló wà ní ìlà tó tẹ̀ lé ti Tavarius. Ó dúró. A gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa.

"Tav, mo rí ọ̀kan lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ. Kí n bá ọ mú un?"

"O fẹ́ pè mí ní ọ̀lẹ lójú kámẹ́rà? Fi sílẹ̀. Èso lásán ni."

Lemuel wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa tirẹ̀ lọ.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan láti yunifásítì kékeré kan jókòó sórí àga tó gbé wá fúnra rẹ̀, Lemuel ló tìtorí rẹ̀ wá. Inú mi dùn fún ọmọ náà, torí ẹni àkọ́kọ́ tó máa wá wò ó nìyẹn. Tavarius gbé bọ́ọ̀lù, Lemuel ṣíwájú rẹ̀, wọ́n yà sápá ọ̀tún. Lemuel fi ẹsẹ̀ rinlẹ̀ láti ti ẹnìkan. Ẹsẹ̀ náà yí lábẹ́ rẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀ gbì, ó ké. Ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí wọ́n gbé e jáde tán, Kóòṣì Stubbs, tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, bẹ̀rẹ̀ sínú koríko, ó mú ohun kan tó ti fọ́ sí méjì. Ó wò ó, ó wo ìlà tó wà, ó sì fi í sápò. Kò sí ẹni tí kò mọ ìlà ẹni tó jẹ́.

Láti ìgbà náà lọ, ọ̀nà ò là fún Tavarius mọ́. Bó bá ti gba bọ́ọ̀lù báyìí, èèyàn mẹ́ta ti jókòó lé e lórí. Wọ́n nà wá. Ọkùnrin tó wá wo Lemuel ká àga rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nílé, mo bi ọmọ mi pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Koríko ló yọ̀, Màmá."

"Gbé ojú sókè kí o tún un sọ."

Kò gbé e. "Màá lọ kí i lọ́la," ló sọ. Ọ̀la yẹn kò dé. Kí Kérésìmesì tó dé, ìlú pé sínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Wọ́n to fìlà àwọn yunifásítì tó ń dù ú sórí tábìlì, Tavarius mú ti èyí tó tóbi jù, ó dé e, ìyẹn ni pé ibẹ̀ ló yàn láti lọ. Òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí nítorí ariwo. Lemuel wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ lábíyá, ó ń pàtẹ́wọ́. Tavarius wo ilẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, nígbà tó dé ọ̀hún, ó rí i pé gbogbo àwọn tó bá níbẹ̀ ló ní ìràwọ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ tuntun máa ru ẹrù àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀. Ó ní èjìká ń dun òun. Wọ́n ní kí wọ́n máa wá ní ìdájí láti kọ́ bí eré ṣe ń lọ. Ó ń pẹ́ dé. Ni wọ́n bá fi í sórí bẹ́ǹṣì, kó máa wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó pè mí: "Màmá, wọn ò mọ iyì mi níbí." Ó kó lọ sí yunifásítì mìíràn. Bẹ́ǹṣì ló bá níbẹ̀ náà, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Nígbà tí ìwọ́wé kẹta dé, fóònù mi dún.

"Màmá, mo ti fi í sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù o, ilé-ìwé o. Mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì. Ṣé ẹ ń bínú sí mi?"

"Aago mélòó ni bọ́ọ̀sì ọ̀hún máa dé? Kí adìẹ tí mo fẹ́ dín má bàa tutù."

Ó dé, ó jẹun, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo kanlẹ̀kùn.

"Gbé abọ́ ńlá yẹn, ká máa lọ sí pápá."

"Màmá, gbogbo ìlú ló máa fi mí rẹ́rìn-ín."

"Wọ́n á rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà a ó jẹ páì. Gbé abọ́."

Bí a ti yọ, Arábìnrin Ozella ti rí wa. "Verlene! Ère rẹ rèé? Wá dì mọ́ mi jàre, ọmọ yìí, o ti rù!"

Àwọn ọmọ ti ń tò. Lemuel wà láàárín wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó san, kò sì sí yunifásítì tó pè é. Ó forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní yunifásítì kékeré kan tó wà nítòsí wa, ó lọ bá kóòṣì wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbìyànjú. Òun ló ń la ọ̀nà fún wọn báyìí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń gbá tiwọn, nítorí náà ó máa ń wá ran Kóòṣì Stubbs lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì.

Ó rí Tavarius, ó dúró.

"Oníràwọ̀! Ojú ọ̀run ti sú ọ ni?"

Tavarius gbé abọ́ mi sílẹ̀. Ó rìn lọ bá a.

"Lem, kì í ṣe koríko ló yọ̀. Mo rí èso yẹn. Mo rí i kí o tó fi hàn mí pàápàá. Mi ò fẹ́ kí kámẹ́rà rí mi níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni."

Lemuel fọwọ́ nu ojú.

"Mo mọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti mọ̀. Ẹsẹ̀ ò dùn mí tó bó ṣe dùn mí pé o ò wá." Ó mí kanlẹ̀. "O ò yára rárá, ọ̀rẹ́ mi. Ọdún mẹ́ta gbáko!"

"Má bínú, Lem."

"Ìlà rẹ rèé. Èmi ni mo ń ṣà á nígbàkigbà tí mo bá wá. Ó ti sú mi. Wá ṣa tìrẹ."

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣà á. Kò sí kámẹ́rà kankan níbẹ̀. Mo gbé orin náà, ohùn mi ń já, Ozella gbà á lẹ́nu mi:

Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ń bọ̀ lẹ́yìn,
Ṣa tìrẹ, kí n gbé e.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, Tavarius forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì kékeré tí Lemuel wà. Ó ru ẹrù, ó ń jí ní ìdájí, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìráhùn títí wọ́n fi pè é. Ó sáré lẹ́yìn Lemuel bíi ti àtẹ̀yìnwá, a sì lọ wò wọ́n, a pariwo títí ohùn akọrin fi há ní ọjọ́ Ìsinmi. Kò débi tí wọ́n ń sanwó ńlá fún agbábọ́ọ̀lù. Ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé wa báyìí, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀.

Mi ò sọ pé ìràwọ̀ kò dára o. Ọmọ kan wà ní ìlú kejì sí wa tó ní márùn-ún bíi ti Tavarius, gbogbo orílẹ̀-èdè ló mọ̀ ọ́n lónìí. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ náà ló máa ń kẹ́yìn kúrò lórí pápá. Ohun tí mò ń sọ fún yín ni pé ẹni tó fún ọ ní ìràwọ̀ ń sọ ohun tó rò pé o lè ṣe lọ́la ni. Iṣẹ́ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ lónìí, ìwọ lo ni ín. Bí o bá fi í sílẹ̀ nítorí pé o ti tóbi jù ú lọ, ẹni tó fẹ́ràn rẹ jù ló máa tẹ̀ ẹ́. Bó bá sì ti ṣẹlẹ̀, tètè lọ sọ ọ́; má dúró de ọ̀la.

Ọjọ́ Ẹtì la wà yìí. Olùkọ́ Tavarius ti wà lórí pápá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Aṣọ ìdáná mi dà? Ẹ fún mi lọ́nà, ẹ jẹ́ kí n lọ gbé tèmi.